Ìbéèrè àti Èsì: Ìje Ojú Títì fún Àgbàlagbà Tí Kò Sáré Láti Ọjọ́ Pípẹ́

Lẹ́tà mẹ́ta la mú lọ́tẹ̀ yìí, eré sísá sì ni gbogbo wọn dá lé lórí. Àkọ́kọ́ la ó pẹ́ lé lórí jù, nítorí pé ohun tó bèèrè kan ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò tíì kọ̀wé sí wa.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùdáhùn wa. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Tankẹ, nílùú Ìlọrin, mo sì pé ọmọ ọdún 43 lóṣù tó kọjá. Àwa tí a jọ jáde ní ilé-ìwé girama fẹ́ sá ìje kìlómítà 10 ní ìparí oṣù Kọkànlá, kí a lè fi kówó jọ fún iyàrá ìkàwé ilé-ìwé náà, mo sì ti forúkọ sílẹ̀. Ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 15. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ilé-ìwé, n kò sáré mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kírun Àsùbáà tán, mo wọ bàtà, mo bọ́ sọ́nà Òkè-Odò, ṣùgbọ́n n kò tíì sáré tó ìṣẹ́jú 3 tí àyà mi fi ń lù kìkì, tí ẹ̀gbẹ́ ń gún mi, ni mo bá fẹsẹ̀ rìn padà sílé. Ọkọ mi kò lòdì sí i, àmọ́ àwọn ará àdúgbò ń sọ pé eré sísá kò yẹ ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta. Mo máa ń gbààwẹ̀ ní ọjọ́ Àtìní àti Alámísì, mo sì máa ń lo híjáàbù. Ṣé ó ṣì lè ṣeé ṣe? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? — Olùkọ́, Tankẹ, Ìlọrin.

ÈSÌ: Ẹ kú ìgbìyànjú, Olùkọ́ wa. Ó ṣeé ṣe, ọ̀sẹ̀ 15 sì tó láti ṣe é láìfara ni ara, bí ẹ bá lè gbà láti máa rọra sáré, àní débi tí ojú yóò fi fẹ́ máa tì yín lójú pópó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín lọ́nà Òkè-Odò kò ní ọjọ́ orí nínú. Ìyára ló fà á. Àgbàlagbà tí kò sáré láti ogún ọdún sábà máa ń gbéra bí ìgbà tí wọ́n ń sá mítà 100 ní pápá ilé-ìwé, torí pé irú eré kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ rántí nìyẹn. Bí ènìyàn bá sì ti yára kọjá ohun tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè gbà gbé atẹ́gùn dé inú iṣan ẹsẹ̀, èémí rẹ̀ kò ní pẹ́ já, yóò sì gbà pé òun kò lè sáré, nígbà tó jẹ́ pé eré tí kò yẹ kó sá ló ń sá.

Ọ̀nà tí ẹ ó fi mọ̀ pé ìwọ̀n eré yín dára kò ná yín ní kọ́bọ̀. Bí ẹ bá ní ẹnìkejì, kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń sáré, kí ẹ lè parí gbólóhùn gígùn kan kí ẹ tó tún mí. Bí ẹ bá dá wà, ẹ ka Fátíhà sétí ara yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ń já ọ̀rọ̀ sí méjì láàárín ẹsẹ kan nítorí èémí, ẹ ti yára jù; ẹ dín in kù, kódà bí ẹni tó ń rìn bá fẹ́ẹ̀ lé yín bá. Eré jẹ́jẹ́ yìí gan-an ni ìgbaradì. Òun ló ń mú kí ọkàn lágbára láti tú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, òun ló sì ń mú kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tíntìntín pọ̀ sí i nínú ẹran ẹsẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ kọ́kọ́ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn náà kí ẹ sáré fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ sì máa tún un ṣe títí yóò fi tó ìṣẹ́jú 30 lápapọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ lè fi díẹ̀ kún eré, kí ẹ yọ díẹ̀ kúrò nínú ìrìn, títí tó fi jẹ́ pé bí ó bá di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ẹ ó lè sáré fún ìṣẹ́jú 30 tàbí 40 láìdúró. Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ kan péré nínú ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa fa ọ̀nà gùn, kí ó di kìlómítà 6, kí ó di 7, kí ó sì tó 8 ní ọ̀sẹ̀ kẹtàlá. Kò pọn dandan kí ẹ sá 10 kí ọjọ́ ìje tó pé. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn, ẹ dín eré kù, kí ẹsẹ̀ lè sinmi.

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé sísáré kí a sì máa rìn láàárín rẹ̀ jẹ́ àbùkù, ẹ má dá a lóhùn. Jeff Galloway, ọmọ Amẹ́ríkà tó sá ìje mítà 10,000 ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Munich lọ́dún 1972, ni ó sọ ọ̀nà yìí di mímọ̀ káàkiri, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò sáré rí ló sì ti gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ parí ìje gígùn. Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ máa rìn fún ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn kìlómítà kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ ìje, kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ti fura gidigidi, ìyẹn ni ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà. Nígbà náà, èémí yóò ti balẹ̀, ara yóò ti fúyẹ́, ẹ ó sì máa rò pé ẹ ti lè ṣe ìlọ́po méjì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fara pa. Ìdí ni pé ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tètè máa ń bá eré mu, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n eegun àti àwọn iṣan tó so ẹran mọ́ eegun máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ẹ̀jẹ̀ tó ń dé inú irú iṣan bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Èémí á ní kí ẹ máa lọ, ojúgun á sì máa ké. Bí ẹ bá rí i pé ibì kan pàtó lára eegun ojúgun ń dùn yín bí ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́, tàbí tí ìrora kan ń pọ̀ sí i bí ẹ ti ń sáré dípò kó máa lọ sílẹ̀, ẹ dáwọ́ eré dúró fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ máa rìn, bí kò bá sì rọlẹ̀, ẹ lọ rí dókítà. Ara ríro tó máa ń bá gbogbo itan lọ́jọ́ kejì eré kò jọ èyí. Ìyẹn á lọ fúnra rẹ̀. Ẹ kò sì gbọdọ̀ fi oògùn ìrora bo ìrora mọ́lẹ̀ kí ẹ lè sáré. Àwọn oògùn bíi ibuprofen lè pa kíndìnrín lára bí ènìyàn bá lò ó tó sì làágùn púpọ̀.

Ní ti ẹ̀gbẹ́ tó ń gún yín, bí ẹ ti ń dín eré kù yóò máa dín kù. Bí ó bá tún dé, ẹ rìn díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tẹ ibẹ̀, kí ẹ sì máa mí síta dáadáa. Ẹ má jẹun yó kí ẹ tó jáde.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ kò le. Níwọ̀n bí ẹ ti ń gbààwẹ̀ ní Àtìní àti Alámísì, ẹ fi eré sí Àtàlátà, Jímọ̀ àti Àìkú, kí Àìkú jẹ́ ọjọ́ ọ̀nà gígùn nítorí iṣẹ́ ilé-ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ìsinmi yóò wà láàárín eré kan sí òmíràn, ẹ kò sì ní sáré nínú òǹgbẹ. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà tí ẹ ti yàn yẹn ni àkókò tó dára jù ní Ìlọrin, nítorí pé ooru kò tíì dé, mọ́tò kò sì tíì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ díẹ̀ ná. Apá ọ̀tún ni mọ́tò ń gbà lórílẹ̀-èdè wa, nítorí náà apá òsì títì ni kí ẹ ti máa sáré, kí ẹ lè máa rí ohun tó ń bọ̀ níwájú yín. Síbẹ̀ ẹ máa wẹ̀yìn, torí ọ̀kadà tó ń gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ fi íyàpíìsì sílẹ̀ nílé. Bí ojú ọ̀run bá ṣú tí ààrá ń sán, ẹ jẹ́ kí eré di ọ̀la. Oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án kò ní ṣàì rọ òjò lé yín lórí, òjò lásán kò sì ní kí ẹ má jáde, bí ẹ bá ti mọ ibi tí gọ́tà wà.

Híjáàbù kò dí eré lọ́wọ́. Èyí tó nípọn tó sì ń fa omi ni kò dára, torí pé bí òógùn bá ti mu ún tán, yóò wúwo, yóò sì máa fa ọrùn. Ẹ wá aṣọ fẹ́lẹ́ tí ó ń tètè gbẹ, irú èyí tí wọ́n fi ń rán jẹ́sì bọ́ọ̀lù, kí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí awakọ̀ lè tètè rí yín. Kí pínnì rẹ̀ wà ní èjìká, kí ó má wà lábẹ́ àgbọ̀n tí yóò ti máa há yín lọ́fun bí ẹ bá ń mí. Ẹ̀wù tó dé orúnkún lórí ṣòkòtò tí kò fún jù ti tó. Kọ́mú tó di àyà mú dáadáa ṣe pàtàkì ju gbogbo aṣọ yòókù lọ, ó sì yẹ kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé e. Kí ẹ tó jáde lọ́jọ́ ọ̀nà gígùn, ẹ bu òrí, ẹ fi pa láàárín itan, abẹ́ apá àti ibi tí okùn kọ́mú gbà, nítorí pé lẹ́yìn kìlómítà 5, iyọ̀ inú òógùn àti aṣọ tó ń ha ara lè bó ènìyàn débi tí omi ìwẹ̀ yóò fi máa ta á.

Àwọn tó ní eré sísá kò yẹ ìyá ọlọ́mọ, irú ọ̀rọ̀ wọn ti pẹ́ láyé. Òun ni kò jẹ́ kí wọ́n sá máratọ́ọ̀nù àwọn obìnrin ní ìdíje Òlíńpíìkì títí di ọdún 1984, torí pé ọ̀pọ̀ àwọn aláṣẹ eré ìdárayá gbà pé ara obìnrin kò lè gbé ọ̀nà jíjìn. Ní Los Angeles, lọ́dún náà, Joan Benoit ọmọ Amẹ́ríkà gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà nínú ìje kìlómítà 42 àti mítà 195. Kìlómítà 10 ni tiyín. Àwọn ará àdúgbò yóò wo yín fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ojú wọn yóò mọ́ ọn, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn bèèrè bóyá òun lè bá yín jáde.

Ní ọjọ́ ìje, ẹ jẹ ohun tí inú yín ti mọ̀, ní nǹkan bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta kí ìje tó bẹ̀rẹ̀. Búrẹ́dì díẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, tàbí ẹ̀kọ gbígbóná dára. Ẹ̀wà, ata àti wàrà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di ọ̀sán. Ẹ mu omi bí òǹgbẹ bá ti gbẹ yín, kí ẹ má mu ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé omi àmujù máa ń la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè fa orí fífọ́, èébì àti ìdàrú ọpọlọ. Ní ibi ìbẹ̀rẹ̀, ẹ dúró sẹ́yìn. Àwọn tó ń gba ipò iwájú nínú ìje kìlómítà 10 ti Òkpèkpè ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó ń parí rẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Ẹni tó bá ń lo ìṣẹ́jú 8 sí 10 lórí kìlómítà kan, bíi tiyín, yóò lo ìṣẹ́jú 80 sí 100, kò sì sí ìdí tí ẹ ó fi tẹ̀ lé irú àwọn yẹn kódà fún mítà 200. Ariwo àti ìlù yóò fẹ́ tì yín síwájú; ẹ ka Fátíhà yín, kí ẹ wo bóyá èémí ń já a. Bí kìlómítà 2 àkọ́kọ́ bá rọrùn débi tí ẹ fi ń rò pé ẹ ń fi àkókò ṣòfò, ẹ ti sá a bó ṣe yẹ. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ gé ìṣísẹ̀ yín kúrú, pàápàá nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí pé ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ṣe itan lọ́ṣẹ́ ju ìgòkè lọ. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, tí òtútù ń mú yín nínú oòrùn, tàbí tí ẹ kò mọ ibi tí ẹ wà dáadáa, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ wá ìbòòji, kí wọ́n da omi sí yín lórí àti lára, kí wọ́n sì pe oníṣègùn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ọdún 61 ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, Ọ̀fà ni mo sì ń gbé. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ mi ń fẹ́ kí n bá wọn sá kìlómítà 5 nígbà tí wọ́n bá wálé fún ọdún. Ṣé kí n gbà fún wọn? — Bàbá, Ọ̀fà.

ÈSÌ: Bàbá, ẹ má tíì gbà, ẹ má sì tíì kọ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Bí dókítà yín bá wọn ẹ̀jẹ̀ yín tó rí i pé oògùn ti mú un wálẹ̀ dáadáa, tó sì ti yẹ ọkàn yín wò, ó ṣeé ṣe kó fọwọ́ sí i, nítorí pé ìrìn kánmọ́kánmọ́ àti eré jẹ́jẹ́ tí a ń ṣe déédéé wà lára ohun tó ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru jà. Bí ó bá ṣì ga, ẹ jẹ́ kí eré dúró ná.

Ẹ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ irú oògùn tí ẹ ń lò. Àwọn kan máa ń dín lílù ọkàn kù, nítorí náà aago ọwọ́ tó ń ka lílù ọkàn kò ní sọ òtítọ́ fún yín nípa bí ẹ ṣe ń ṣe wàhálà tó. Sísọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Àwọn mìíràn máa ń mú kí ènìyàn tọ̀ lọ́pọ̀, ẹni tó bá sì ń lò wọ́n lè tètè gbẹ nínú oòrùn. Ohunkóhun tó wù kó jẹ́, ẹ má ṣe fo oògùn ní àárọ̀ ọjọ́ ìje láìjẹ́ pé dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ìrìn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi oṣù kan ṣe, ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, kí ẹ tó fi eré oní-ìṣẹ́jú kan sí i. Bí àyà bá ń há yín, tí ìrora ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tàbí tí ojú yín ń ṣú, ẹ dúró, kí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Fauja Singh, bàbá kan tí wọ́n bí ní Íńdíà tó sì gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ayé rẹ̀, ti lé ní 80 ọdún kó tó sá máratọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2000, ó sì parí òmíràn ní Toronto lọ́dún 2011. Ọjọ́ orí yín kò dí yín lọ́wọ́, Bàbá. Ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ni kí ẹ mójú tó.

Bí a ti wà lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, mo bẹ ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín jẹ́ SS, kí ó má wọ irú ìje bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ mọ̀ sí i. Ẹni tó jẹ́ AS lè sáré, ṣùgbọ́n kí ó má fi ipá sá eré líle nínú ooru láìgbaradì, kí ó sì dúró nígbàkigbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣàdédé di aláìlágbára.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní Òmù-Àrán, mo sì fẹ́ sá kìlómítà 10. Bàtà eré tuntun ti kọjá agbára mi. Ọ̀gá mi ní kí n sá a lẹ́sẹ̀ lásán, pé ọmọ Ethiopia kan sá a bẹ́ẹ̀ tó sì gbégbá orókè. Ṣé òótọ́ ni? — Ọmọ iṣẹ́, Òmù-Àrán.

ÈSÌ: Òótọ́ ni. Abebe Bikila ni, ní Ròòmù, lọ́dún 1960, máratọ́ọ̀nù sì ni. Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá yín fi kún un pé àtẹ́lẹsẹ̀ Bikila ti mọ̀ ọ́n lára láti ìgbà tó ti ń gbaradì, àti pé nígbà tó tún gba wúrà ní Tókíyò lọ́dún 1964, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọjọ́ ìje kọ́ ẹsẹ̀ lásán lórí ọ̀dà tó gbóná, tí ìṣó àti àfọ́kù ìgò wà lórí rẹ̀.

Bàtà tòkúnbọ̀ tó dára tó láti sáré, bí ẹ bá mọ bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé e sórí tábìlì kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Bí ó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tó lò ó ti jẹ gìgísẹ̀ rẹ̀ tán. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù tó wà lókè àtẹ́lẹ̀ rẹ̀: ó yẹ kó wọlé díẹ̀ kó sì padà, bí ó bá le gbagidi, ó ti kú. Ẹ tẹ iwájú rẹ̀ kọ́dọrọ, kí ẹ wo bóyá gúlúù ń la ẹnu, nítorí pé bàtà tó ti pẹ́ nínú ẹrù lè ya lójú ọ̀nà. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí ẹ wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, kí àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò sì wà níwájú ọmọ ìka tó gùn jù. Ẹ sáré nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ìje tó dé, lórí ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó tẹ́jú ní àyíká yín ní àkọ́kọ́, torí pé ó rọ̀ ju ọ̀dà lọ. Kí ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ yín ní gbọọrọ, ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ọjọ́ náà tó pé, kí ó má baà máa gún iwájú bàtà títí yóò fi dúdú.